Bátìrì fún iná àtẹ̀gùn àti pásẹ́jì: bẹ́ ẹ ṣe máa so ó tá á fi máa tàn fúnra ẹ̀ tí NEPA bá mú iná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì l'Abẹ́òkúta, ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ní ayálégbé lókè àti nísàlẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé ìgbẹ̀bí, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àjà, tiyín ni mo wá sọ. Orí òkúta ni wọ́n tẹ ìlú wa dó sí, ilé ń gun òkè, ilé ń sọ̀ kalẹ̀, tẹ́ ẹ bá gba Ìtòkú lọ sí Aké ẹ máa rí àtẹ̀gùn tó dúró ṣánṣán, ìgbésẹ̀ kan ga, èkejì kúrú, òmíràn wà tó jẹ́ pé ara àpáta gan-an ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Ojúmọmọ lèèyàn ti ń fẹsẹ̀ wá ibi tó máa tẹ̀, ká má tíì sọ̀rọ̀ alẹ́. Tí NEPA bá mú iná nígbà tí màmá àgbà wà láàárín àtẹ̀gùn, kò sáyè à ń wá tọ́ọ̀ṣì, kò sáyè à ń pariwo "ẹ tan jẹ́n". Iná kan gbọ́dọ̀ tàn níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan súìṣì.

Ẹ̀yin kan á ní "a ti ní inverter nílé wa o". Ó dáa, inú mi dùn sí i, àmọ́ ẹ wo bó ṣe máa ń rí: TV ń jẹ bátìrì yẹn, fáànù mẹ́ta ń jẹ ẹ́, àbúrò kan á tún rọra ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, nígbà tó bá fi máa di aago méjì òru inverter ti ń ké pípì pípì, ó ti kú, àtẹ̀gùn ti ṣókùnkùn bìrìmù, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọmọ máa sọ pé inú ń run òun tàbí kí òórùn wáyà tó ń jó jí gbogbo ilé. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ yín, bátìrì iná pàjáwìrì, iná nìkan ni kó máa gbé. Kò gbọ́dọ̀ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan lára. Tẹ́ ẹ bá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo síbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á fi ṣájì fóònù, lọ́jọ́ kejì wọ́n á fi tan fáànù, ó parí nìyẹn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ti ṣe tán, àpótí kékeré tó ní ojú iná méjì lórí bí ojú mọ́tò, bátìrì ẹ̀ wà nínú, ẹ kàn máa kàn án mọ́ ògiri kẹ́ ẹ sì fún un ní iná tí kìí lọ sí ọ̀dọ̀ súìṣì. Ẹ jẹ́ kó gba iná fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó dán an wò, gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ó dáa fún mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ̀ngàn, níbi tó jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ kí èrò rí ọ̀nà jáde. Ọ̀nà kejì ni bátìrì 12V kan tó ń gbé gílóòbù 12V káàkiri ilé, láìsí inverter láàárín. Ẹ̀kẹta ni inverter. Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù fún ilé gbígbé, òun ni màá sì ṣàlàyé dáadáa, màá fẹnu ba ti inverter nísàlẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ rin ilé yín lálẹ́

Ẹ pa gbogbo iná ilé lálẹ́ ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kẹ́ ẹ rìn láti yàrá tó jìnnà jù lókè títí dé gééètì. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ẹsẹ̀ yín ń wá ilẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ní ilé alájà kan tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, orí àtẹ̀gùn, ibi tí àtẹ̀gùn ti yí, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, pásẹ́jì òkè, ẹnu ọ̀nà àbájáde, àti ibi tí mítà àti bréékà wà. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbàgbé ẹ̀, bẹ́ẹ̀ tí bréékà bá já lóru ibẹ̀ lẹ ti máa kọ́kọ́ nílò ìmọ́lẹ̀. Gílóòbù 6 nìyẹn.

Kò nílò kó mọ́lẹ̀ yòò. Ìlànà àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EN 1838 ní kí ìmọ́lẹ̀ tó máa wà nílẹ̀ lójú ọ̀nà àbájáde má dín ní 1 lux, ìmọ́lẹ̀ kékeré gan-an nìyẹn, kéèyàn ṣáà ti rí ẹsẹ̀ ẹ̀ ni. LED 12V tó jẹ́ 5W tó, ó tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ra 15W torí kó lè mọ́ rekete, bátìrì ẹ̀ ló ń fi ṣòfò.

Ìṣirò ẹ̀

Gílóòbù 6, ọ̀kọ̀ọ̀kan 5W, 30W ni gbogbo ẹ̀. Ẹ fi 12 pín 30, 2.5A ni. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí 3 ni ìlànà BS 5266 sábà máa ń béèrè fún pé kí iná pàjáwìrì lè tàn, l'Amẹ́ríkà ìlànà NFPA 101 ní 90 mínìtì, torí pé ohun tí àwọn ń rò ni bí èrò ṣe máa jáde nínú ilé. Tiwa yàtọ̀, iná lè lọ nírọ̀lẹ́ kó má dé títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí náà wákàtí 12 lèmi máa ń ṣírò, aago méje alẹ́ sí aago méje àárọ̀. 2.5A lọ́nà 12, 30Ah (ámúpù lọ́nà wákàtí) nìyẹn.

Níbi báyìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á gbọ́ 30Ah, wọ́n á lọ ra bátìrì 30Ah. Bátìrì olójé, ì báà jẹ́ tubular olómi tàbí èyí tí wọ́n dé pa tí a ń pè ní dry cell, ìdajì agbára ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa lò, tẹ́ ẹ bá ń fà á gbẹ lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ kó tó kú. Nítorí náà 60Ah ló kéré jù, ẹ ra 75Ah tàbí 100Ah torí bátìrì ń darúgbó, agbára ẹ̀ ń dín kù lọ́dọọdún. Tó bá jẹ́ lithium, èyí tí wọ́n kọ LiFePO4 sí lára, ẹ lè lo tó ìdá 80 nínú 100 agbára ẹ̀ láìséwu, 40Ah sí 50Ah ti tó, owó ẹ̀ ló kàn ga.

Ẹ jẹ́ ká fi wé inverter. Inverter fúnra ẹ̀ máa ń jẹun láìgbé nǹkan kan, 10W tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń pàdánù díẹ̀ nígbà tó bá ń sọ 12V di 220V. 30W yẹn á di bíi 50W, ní wákàtí 12 ó ti di 600Wh, ìdajì bátìrì 100Ah gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ gba 12V tààrà nìyẹn, iṣẹ́ kan náà, bátìrì tó kéré sí i, ohun tó lè bàjẹ́ láàárín ò sì pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo bátìrì mọ́tò. Wọ́n ṣe é kó lè fúnni ní agbára ńlá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè ta, tẹ́ ẹ bá ń fi tan iná mọ́jú lójoojúmọ́, oṣù díẹ̀ ló máa lò tá a fi gbé e sọnù.

Ohun tẹ́ ẹ máa rà

Bátìrì. Ẹ gbé e wò, bátìrì olójé tí wọ́n kọ 100Ah sí lára máa ń tó bíi 28kg sí 30kg, tó bá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín bí ẹni gbé kéèkì, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹ ní kó fi mítà wọ̀n ọ́n níwájú yín, bátìrì 12V tuntun tó ti wà lórí igbá tó ń fi 11V hàn, ó ti ń ṣàìsàn látorí igbá nìyẹn.

Ṣájà 10A fún bátìrì 100Ah, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ máa rò fún olójé. Kó jẹ́ èyí tó mọ̀gbà tó yẹ kó dẹwọ́, tó máa gbé e dé 14.4V nígbà tó bá ń kún tá á sì rọra sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 13.6V tó bá kún tán. Ṣájà àtijọ́ olówó pọ́ọ́kú tí kìí dẹwọ́, ńṣe ló ń sè bátìrì. Tí bátìrì yín bá jẹ́ lithium, ṣájà ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti LiFePO4.

Relay kan, ìyẹn súìṣì tó jẹ́ pé iná fúnra ẹ̀ ló ń yí i, tí àárín ẹ̀ ń gba 220V AC, oní-ẹsẹ̀ 8, pẹ̀lú ìjókòó ẹ̀. Solar charge controller kékeré 10A tàbí 20A, ẹ rà á kódà tẹ́ ẹ ò bá tíì ní panel, màá sọ ohun tá a fẹ́ fi ṣe. Fíúùsì 10A pẹ̀lú ilé ẹ̀. Wáyà 2.5mm, pupa àti dúdú. Súìṣì tó ń mọ ọ̀sán mọ òru, tí wọ́n ń pè ní photocell, ti 12V. Lug, irin tí wọ́n ń fi sẹ́nu wáyà, fún orí bátìrì, páìpù fún wáyà, àpótí tó lè gba relay àti controller.

Nípa gílóòbù, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: gílóòbù 12V àti ti 220V lè jọra bí ìbejì. Tí ẹnìkan bá fi ti 12V sínú hóódà 220V, á bú gbàù. Tí ilé yín bá ń lo hóódà oní-pin, ẹ fi oní-screw ṣe ti 12V, tàbí kẹ́ ẹ ṣe é ní òdìkejì, kò sì ní sẹ́ni tó máa lè ṣì í lò. Ẹ tún fi pẹ́ńtì pupa sàmì sí etí hóódà náà.

Ìdí tí mo fi ní 2.5mm kìí ṣe 1.5mm: 12V kéré, kò lágbára láti rìn jìnnà. Tí bátìrì bá wà nísàlẹ̀ tí gílóòbù tó jìnnà jù sì wà ní mítà 15, wáyà 1.5mm lè jẹ nǹkan bíi 0.9V lójú ọ̀nà tí gbogbo 2.5A bá gba ibẹ̀ kọjá dé òpin, tí 2.5mm á jẹ bíi 0.55V. Gílóòbù òkè á máa ṣe bí ẹni tí ebi ń pa, ẹ̀yin á rò pé gílóòbù ló bàjẹ́.

Ibi tí bátìrì máa jókòó

Kó má wà nínú yàrá tí èèyàn ń sùn, kó má wà nítòsí gáàsì ìdáná, kó má sì wà lórí àtẹ̀gùn tàbí abẹ́ ẹ̀, torí tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí bátìrì ibẹ̀ náà lẹ fẹ́ gbà sá jáde. Bátìrì olómi máa ń tú gáàsì hydrogen jáde tó bá ń gba iná, gáàsì yẹn tó bá ti tó ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, sìgá lásán tàbí iná tó ta lára súìṣì lè mú un bú. Ẹ gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tó ń jáde, lórí pákó tàbí rákì, kí ọwọ́ ọmọdé má dé ibẹ̀.

Ooru náà ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ bí Abẹ́òkúta ṣe máa ń rí ní February sí March, òkúta á ti gba oòrùn sára látàárọ̀, á wá máa tú ooru náà lé wa lórí títí di ọ̀gànjọ́. Bátìrì olójé kò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, 25°C ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ ayé ẹ̀, tí ibi tó wà bá ń fi nǹkan bíi 10°C ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà gbogbo, ọjọ́ ayé ẹ̀ á já sí bí ìdajì. Nítorí náà ẹ má gbé e sí òkè àjà lábẹ́ páànù, bó ti wù kí ibẹ̀ fi pamọ́ tó, ẹ má sì fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń nà.

Síso

Iṣẹ́ 12V, ẹni tó bá lọ́wọ́ tó mọ́ra lè ṣe é. Níbi 220V, ìyẹn ẹnu relay àti ti ṣájà, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́, kẹ́ ẹ pa méèènì pátápátá kó tó fọwọ́ kan nǹkan, kó sì fi tẹ́sítà wò ó. Mi ò ní káàárẹ̀ láti máa sọ eléyìí.

1. Ẹ yọ aago ọwọ́, òrùka àti ṣéènì ọrùn. Bátìrì 100Ah 12V kò lè gbé èèyàn bí NEPA, àmọ́ tí sípánà bá dùbúlẹ̀ lórí ojú ẹ̀ méjèèjì, iná tó máa jáde lè ju 1000A lọ, irin á pọ́n, á yọ́, òrùka tó bá wà láàárín á jó ìka dé egungun. Ẹ fi téèpù dúdú we sípánà yẹn, kó ku kìkì ẹnu ẹ̀.

2. Ẹ kọ́kọ́ fa wáyà gílóòbù káàkiri nínú páìpù tiẹ̀. Wáyà 12V àti wáyà 220V kò gbọ́dọ̀ wọ páìpù kan náà, torí tí ara ti 220V bá bó lọ́jọ́ kan, iná NEPA á gba ibẹ̀ wọ orí bátìrì. Gbogbo gílóòbù ni kẹ́ ẹ so ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, kí ọ̀kan tó bá kú má pa àwọn yòókù. LED ò fẹ́ kéèyàn yí pọ́sítíìfù àti négétíìfù ẹ̀ padà, ẹ fi ojú sí i.

3. Ẹ gbé controller àti relay sínú àpótí. Láti pọ́sítíìfù bátìrì, wáyà á kọ́kọ́ wọ fíúùsì 10A, fíúùsì náà kò sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí bátìrì, ó pẹ́ jù kó jẹ́ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Gbogbo wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúùsì ni kò ní olùgbèjà, ẹ jẹ́ kó kúrú. Láti fíúùsì lọ sí ibi tí wọ́n ya bátìrì sí lára controller, négétíìfù náà lọ síbẹ̀. Ẹ má tíì fi fíúùsì sínú ilé ẹ̀ o.

4. Ibi tí wọ́n ya gílóòbù sí lára controller, tí wọ́n kọ "load" sí, ibẹ̀ ni iná máa ti jáde. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ rà á nìyí: tí bátìrì bá ti ń gbẹ, ó máa gé iná fúnra ẹ̀ kí bátìrì tó bàjẹ́. Tó bá ní ibi tẹ́ ẹ ti lè yan ìwọ̀n, ẹ fi sí 11.8V sí 12V fún olójé. Pọ́sítíìfù àti négétíìfù gílóòbù, ibi load ni kí méjèèjì ti wá, ẹ má mú ọ̀kan láti load kẹ́ ẹ mú èkejì láti orí bátìrì, torí ọ̀pọ̀ controller ló jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ négétíìfù ni wọ́n ti ń gé e.

5. Pọ́sítíìfù láti load gba photocell kọjá, lẹ́yìn náà ó wọ relay. Lára relay ẹlẹ́sẹ̀ 8 tó wọ́pọ̀ lọ́jà, ẹsẹ̀ 2 àti 7 ni ti 220V, ẹsẹ̀ 1 ni ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ 4 ló máa ń kan 1 nígbà tí iná NEPA ò bá sí, ẹsẹ̀ 3 ló máa ń kàn án nígbà tí iná bá wà. A ń fẹ́ 1 àti 4. Ẹ wo àwòrán tí wọ́n yà sára relay yín kẹ́ ẹ tó so ó, kẹ́ ẹ sì rí i pé iye ámúpù DC tí wọ́n kọ síbẹ̀ ju tiyín lọ. Láti ẹsẹ̀ 4, wáyà pupa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn gílóòbù, dúdú ń ti ọ̀dọ̀ gílóòbù bọ̀ wá sí négétíìfù load.

6. Ibi tí ẹsẹ̀ 2 àti 7 ti máa gba 220V ló jẹ mí lógún jù nínú gbogbo ìsopọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná á fẹ́ gbà á lẹ́nu méèènì torí ibẹ̀ ló rọrùn. Ẹ má gbà. Ẹ ní kó gbà á lórí bréékà tó ń gbé iná àtẹ̀gùn gan-an, lẹ́yìn bréékà àmọ́ kó tó dé súìṣì ògiri. Ìdí ni pé kìí ṣe NEPA nìkan ló ń mú iná lọ. Tí bréékà àtẹ̀gùn bá já lóun nìkan, iná ṣì wà ní méèènì, relay tó bá ń wo méèènì á jókòó síbẹ̀ á máa rò pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, àtẹ̀gùn á sì ṣókùnkùn. Èyí tó ń wo bréékà àtẹ̀gùn á mọ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ó wà lẹ́yìn súìṣì ògiri, ìgbàkígbà tẹ́nìkan bá pa iná kó lè sùn ni gílóòbù pàjáwìrì á máa tàn. Tó bá jẹ́ pé bréékà yẹn wà lẹ́yìn changeover, tẹ́ ẹ bá tan jẹ́n, gílóòbù bátìrì á kú fúnra wọn, bó ṣe yẹ nìyẹn.

7. Ṣájà, ẹ fún un ní bréékà tiẹ̀. Ẹnu ẹ̀ méjèèjì lọ sórí bátìrì, pọ́sítíìfù ẹ̀ pẹ̀lú fíúùsì tiẹ̀, bíi 15A.

8. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti tò, ẹ so pọ́sítíìfù bátìrì, ẹ so négétíìfù kẹ́yìn, lẹ́yìn náà ẹ ki fíúùsì bọ̀ ọ́. Ẹ fi Vaseline díẹ̀ pa orí bátìrì kó má baà dípata. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u lọ́jọ́ iwájú, négétíìfù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ.

Ọ̀rọ̀ photocell yẹn, ẹ jẹ́ n dá dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Láìsí i, tí iná bá lọ láago mẹ́sàn-án àárọ̀, gílóòbù 6 á tàn nínú oòrùn títí ilẹ̀ á fi ṣú, tó bá wá di alẹ́ bátìrì ti gbẹ. Àwọn kan máa ń fi súìṣì lásán síbẹ̀ kí wọ́n lè pa á lọ́wọ́, àmọ́ ẹni tó pa á láàárọ̀ ló máa ń gbàgbé láti tan án. Photocell kìí gbàgbé. Ẹ gbé e síta níbi tó ti lè rí ojú ọ̀run, kí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù yín má kọ lù ú, tí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa tàn á máa kú bí ẹni ń ṣẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá ní pásẹ́jì tí kò ní fèrèsé tó ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, gílóòbù kan yẹn, ẹ jẹ́ kó gba ọ̀nà míì tí kò gba photocell kọjá, kẹ́ ẹ sì ka wákàtí ọ̀sán mọ́ ìṣirò bátìrì yín.

Ìgbà àkọ́kọ́, àti lẹ́yìn ẹ̀

Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún dáadáa kẹ́ ẹ tó dán an wò. Tó bá kún, ẹ yọ ṣájà, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n: bíi 12.7V, ó kún nìyẹn, 12.2V, ó ku ìdajì. Tó bá ti ń sún mọ́ 12V, ẹ má fà á mọ́. Lithium ò rí bẹ́ẹ̀ o, fóòtì ẹ̀ máa ń dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́ kó tó já lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gbára lé ohun tí BMS ẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré inú ẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ, bá ń sọ.

Nísinsìnyí ẹ dúró sórí àtẹ̀gùn lálẹ́, kí ẹnìkan lọ sọ bréékà àtẹ̀gùn kalẹ̀. Gílóòbù gbọ́dọ̀ tàn kẹ́ ẹ tó pajú dé. Ẹ gun òkè, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wò ó bóyá ìgbésẹ̀ kankan ṣì ṣókùnkùn. Ẹ dá bréékà padà, kí gbogbo ẹ̀ kú. Ẹ máa ṣe eléyìí lóṣooṣù, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ jẹ́ kó tàn mọ́jú láìsí NEPA láìsí ṣájà, kẹ́ ẹ sì kọ aago tó kú síbẹ̀. Tí èyí tó ń lo wákàtí 12 tẹ́lẹ̀ bá ti ń lo 6, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó bátìrì tuntun. Ẹ má ṣe é ní alẹ́ tí ayẹyẹ bá wà lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ mọ̀ pé iná á wà lọ́jọ́ kejì tó máa fi kún padà.

Kíkún padà yẹn náà, ẹ ronú sí i dáadáa. Band, ìyẹn ìpele wákàtí iná, tí IBEDC tó ń pín iná fún wa to àdúgbò yín sí ló máa pinnu ẹ̀. Band A, ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí, Band D wákàtí 8, Band E wákàtí 4. 30Ah tẹ́ ẹ lò mọ́jú, ṣájà 10A á nílò bíi wákàtí 4 sí 5 kó tó kún dáadáa torí ìparí ẹ̀ máa ń falẹ̀. Ẹni tó wà ní Band A ò níṣòro. Ẹni tó wà ní Band E, ojoojúmọ́ ni bátìrì ẹ̀ á máa jẹ gbèsè díẹ̀díẹ̀, láàárín oṣù díẹ̀ ó ti bàjẹ́, wọ́n á sì ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ fi panel 100W kan kún un, controller ti wà nílẹ̀, ẹ kàn máa so ó mọ́ ọn ni, bátìrì ṣáájú, panel tẹ̀ lé e. Oòrùn tó dáa á fún yín ní nǹkan bíi 400Wh lójúmọ́, á sì ju ohun tí gílóòbù 30W jẹ mọ́jú lọ díẹ̀. Nígbà òjò á dín kù gan-an, ẹ má gbára lé e nìkan ní July. Lásìkò ọyẹ́, eruku á bo ojú panel, ẹ fi aṣọ tútù nù ún láàárọ̀ kútùkútù kó tó gbóná.

Bátìrì olómi, ẹ ṣí i wò lóṣooṣù. Tí omi bá ń lọ sílẹ̀, omi bátìrì nìkan ni kẹ́ ẹ bù sí i, kìí ṣe pure water, kìí ṣe omi òjò, kìí ṣe ásíìdì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú. Tí ásíìdì bá ta sójú ẹnikẹ́ni, omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán láìdáwọ́ dúró, lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù, FMC Ìdí-Aba tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín jù. Ẹ má fi nǹkan míì sójú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ inverter lẹ fẹ́ lò

Ẹ fún iná àtẹ̀gùn ní bréékà tiẹ̀ àti bátìrì tiẹ̀ tí agbára bá wà, kí wáyà neutral ẹ̀ má sì pa pọ̀ mọ́ ti NEPA. Ẹ má fi wáyà olórí méjì ki iná inverter bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣe é nílé yín, torí iná yẹn á gba méèènì jáde sí títì, òṣìṣẹ́ tó gun òpó lọ́wọ́ lè kú sí i, bí NEPA bá sì dé lójijì inverter á jó. Wáyà bátìrì sí inverter gbọ́dọ̀ nípọn, inverter 1kVA lórí 12V lè fa bíi 100A tó bá ń ṣiṣẹ́ dé òpin, 25mm ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí rò, kó sì kúrú.

Ara inverter gbọ́dọ̀ ní earth. Òkúta wa ló máa ń dáṣẹ́ yìí dúró, wọ́n á gbá irin mọ́lẹ̀, kò ní wọlé, wọ́n á gé e kúrú wọ́n á ní ó ti tán. Kò tíì tán. Ẹ lè gbá a ní ìdàgẹ̀rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbẹ́ kòtò gígùn tó jìn tó ẹsẹ̀ méjì àbọ̀ níbi tí iyẹ̀pẹ̀ wà kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀, kí oníṣẹ́ iná sì fi mítà earth wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó fún un.

Tí kò bá tàn

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí bátìrì. Ẹ kọ́kọ́ wo fíúùsì, lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ bo ojú photocell kẹ́ ẹ wò ó bóyá òun ló rò pé ọ̀sán ni. Tí ìyẹn bá dáa, ẹ tẹ́tí sí relay nígbà tí wọ́n bá sọ bréékà kalẹ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ "kà". Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ tí kò tàn, ẹ wọn iná ní ẹsẹ̀ 1: tó bá wà níbẹ̀ tí kò sí ní ẹsẹ̀ 4, ẹnu relay ti jó, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tí kò bá sí ní ẹsẹ̀ 1, ó lè jẹ́ pé controller ti gé e torí bátìrì gbẹ, tàbí pé photocell ló bàjẹ́. Tí gílóòbù òkè nìkan bá ń ṣe bàìbàì, ibi ìsopọ̀ wáyà kan ti tú tàbí ó ti dípata.

Bátìrì tó bá kú pátá

Àwọn tó ń ra àlòkù bátìrì á wá bá yín nílé, owó díẹ̀ sì máa ń wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ nínú ọgbà yín, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da ásíìdì ẹ̀ sí gọ́tà, odò Ògùn ni gọ́tà ń ṣàn lọ. Òjé inú bátìrì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ní Ògijo níbí nínú ìpínlẹ̀ wa, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé bátìrì, ìròyìn ti jáde pé òjé ti wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò. Ẹ fi téèpù di orí ẹ̀ méjèèjì, ẹ gbé e dúró lóòró nínú bàáfù oníke, kẹ́ ẹ sì dá a padà fún ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ ra tuntun lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń yọ owó àlòkù kúrò lára owó tuntun tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ béèrè.